Táyà Tí Bàbá Mi Rà Bọ̀ Láti Èkó

Kùmọ̀ ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìtòkú. Kí àwọn ọkùnrin tó kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin tó ń bá ìyá mi ṣiṣẹ́ á ti jókòó ti ìtì igi gbọọrọ tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa lu aṣọ aró tó ti gbẹ títí tí yóò fi máa dán. Àwọn méjì ló máa ń dojú kọra, kùmọ̀ ẹnì kan ń lọ sókè bí ti ẹnì kejì ṣe ń balẹ̀, pó-pó, pó-pó, wọn kì í sì í lu ara wọn lọ́wọ́. Òórùn aró wà nínú irun wa, ó wà nínú aṣọ ilé-ìwé wa, mo tún máa ń rò pé ó wà nínú kókò tí à ń mu láàárọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbálẹ̀ àgbàlá, kí n sì ru eérú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi aró lọ fún ìyá mi, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá, tí kò sí ọṣẹ tó ràn án. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti gbé àpótí jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọ̀fàdà, á sì máa bá gbogbo ohun tó bá kọjá sọ̀rọ̀, ì báà ṣe ènìyàn, ì báà ṣe ewúrẹ́. Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Tí mo bá dé ilé náà lónìí, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò nìkan ni mo ń gbọ́, etí mi á sì máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí Bọ̀dá Mùfú padà dé láti Òkè-Ọya. Àbúrò bàbá mi ni, ìyá kan náà ló bí wọn, àwọn méjèèjì nìkan ló sì yè nínú ọmọ tí Ìyá Àgbà bí. Ó ti pẹ́ tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe lọ́hùn-ún. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ já a sílẹ̀ lójú títì, tó wọlé tòun ti àpò kan àti kẹ̀kẹ́ kan tó gbé kọ́ èjìká. Mo pè é ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ẹsẹ̀ náà tóbi, ó ga dé àyà mi; pẹ́dà méjì wà láàárín rẹ̀, irin kan nàró lókè rẹ̀, ìjókòó wà lórí irin náà, ó parí síbẹ̀. Kò ní ọwọ́, kò ní bíréèkì, kò ní ṣéènì. Ìyá Àgbà dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sunkún ayọ̀ tẹ́rùn, ó wá wo ohun tí ọmọ gbé kalẹ̀.

“Mùfú, ìdajì tó kù ńkọ́?”

“Bó ṣe rí nìyẹn, Ìyá.”

“Wọ́n ti jí ìdajì rẹ̀ lọ́nà ni, o ò fẹ́ sọ.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Mùfú náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé àwọn òyìnbó aláré kan ló gba ìlú tí òun wà kọjá, pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn wá fún àtúnṣe, pé ọ̀kan nínú wọn kọ́ òun ní gígùn rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ń lọ, ó fi èyí tó ti gbó sílẹ̀ fún òun. Ó ní ká wá wò ó. Ó gbé e jáde sójúde, ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí afẹ́fẹ́. Orí rẹ̀ ga ju àtẹ́rígbà ilé wa lọ. Ó na apá méjèèjì, ó wà á dé ìdí igi ọdán, ó yí po, ó padà. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Mo sì ti rìn díẹ̀ láyé láti ìgbà náà, mi ò tíì rí púpọ̀ tó jù ú lọ.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Oníṣòwò aṣọ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í fẹ́ kí orúkọ ilé bọ́ sẹ́nu ọjà. Ó ti ń retí ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ yóò dé, tí yóò bá òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Sápọ́n. Dípò ìyẹn, ọjọ́ kẹta ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sọ fún un pé àwọn rí Mùfú lókè níbi tó ti ń gun nǹkan kan, tí àwọn ọmọléèwé ń hó tẹ̀lé e.

“Mùfú, ṣé o ṣì mọ ọjọ́ orí rẹ?”

“Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo rò pé o ti gbàgbé ni. Ìgbà wo lo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí nǹkan yẹn?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe ìlérí, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Wọ́n ń jẹ láfún nínú àwo kan náà lálaalẹ́, ọwọ́ wọn ń pàdé nínú ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì dárúkọ kẹ̀kẹ́. Bí bàbá mi bá ń bọ̀ tó rí i lókèèrè lórí kẹ̀kẹ́, á kọjú sí òdìkejì bí ẹni ń wá nǹkan. Ìyá mi ló gba ti Bọ̀dá Mùfú. Ìyàwó ilé ni, kò lè pè é lórúkọ. Ọkọ-mi-Òkè-Ọya ló ń pè é. Òun ló máa ń fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́, òun náà ló sì máa ń bá a di kẹ̀kẹ́ mú tó bá ń tún un ṣe lẹ́yìnkùlé, láàárín àwọn ìkòkò aró.

Táyà ni ìṣòro kẹ̀kẹ́ náà. Èyí tó bá a dé ti jẹ dé okùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti là. Bọ̀dá Mùfú ń fi abẹ́rẹ́ gán an, ó ń lẹ aṣọ mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò ní í pẹ́. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ra tuntun, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ńlá dúdú tí àwọn àgbẹ̀ ń gùn kún ìlú, tí táyà wọn sì tóbi bíi tiẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó fi ìka mi kan ẹ̀gbẹ́ táyà.

“Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, Sìdí.”

“28.”

“28 náà ni wọ́n kọ sí ti àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́yìn 28 yẹn, àwọn ènìyàn kì í kà á. Òun ló ń sọ bí ẹnu táyà ṣe fẹ̀ tó. Ti àwọn àgbẹ̀ fẹ̀ ju rímù tèmi lọ. Kò ju fífẹ̀ ọmọ-ìńdinrín rẹ yìí lọ, ṣùgbọ́n táyà tó bá fi ìwọ̀n yẹn ṣò lẹ́sẹ̀ irin, ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò bọ́.”

Mo rántí pé mo wo ọmọ-ìńdinrín mi, mo sì rò pé ó ń ṣàsọdùn.

Ní àkókò yìí ni ọkùnrin kan dé láti Èkó. Ó ń kó àwọn tó ń tàkìtì, àwọn tó ń ju ìgò sókè, àwọn oníjó, ó ń kó wọn káàkiri ìlú, ó sì ní òun máa kó wọn ré òkun kọjá. Ó ti gbọ́ nípa Bọ̀dá Mùfú. Ó ní òun ń bọ̀ wá wo eré ìdárayá àwọn ilé-ìwé lórí pápá, wọ́n sì ti gbà pé kí Bọ̀dá Mùfú gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí pápá ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á mú un lọ. Ìyá Àgbà bi í léèrè bóyá wọ́n á máa fún wọn lóúnjẹ lójú àkókò. Ìyá mi da omi síwájú ilé, ó ṣàdúrà. Bọ̀dá Mùfú bẹ̀rẹ̀ sí í wá táyà. Ó dé Lafẹ́nwá, ó dé Kútọ̀. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ó rí èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́, lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje akẹ́kọ̀ọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò tú u fún ẹnikẹ́ni. Ó délé lọ́jọ́ náà, kò lè jẹun.

Mi ò mọ ohun tó yí bàbá mi lọ́kàn padà. Bóyá Ìyá Àgbà ló bá a sọ̀rọ̀. Bóyá ó rí àbúrò rẹ̀ níbi tó káwọ́ gbera jókòó, ló rántí ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré. Ó lọ ra aṣọ funfun l'Ékòó bó ṣe máa ń ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Lẹ́yìn tí a ti kí i kú ìrìn, tí a ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó fa ohun roboto kan tí wọ́n fi bébà wé yọ láàárín ìdì aṣọ, ó nà án sí Bọ̀dá Mùfú.

“Gbà. 28 ni. Mo bi ẹni tó tà á dáadáa, ó ní 28 ni.”

Bọ̀dá Mùfú fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Dìde. Ọjọ́ wo leré yẹn?”

“Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Màá wá.”

Ó ti wọ yàrá lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè dúpẹ́. Ìyá Àgbà fi ìdí ìró nu ojú. Ìrẹsì la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì gbọ́ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń rẹ́rìn-ín pọ̀ nínú yàrá, ohùn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé wa ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìnkùlé ni Bọ̀dá Mùfú ti tú bébà náà. Mo ń ru eérú kọjá, mo rí i tó gbé ẹ̀gbẹ́ táyà súnmọ́ ojú, tó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò nínú aró.

“Ọkọ-mi-Òkè-Ọya, kí ló dé?”

“Ti àwọn àgbẹ̀ ni.”

Ó fi sórí rímù. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́, láìjẹ́ pé ó fi irin kankan tì í, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro; táyà tuntun tó bá bá irin mu máa ń bá ọwọ́ jà ni. Ó fọn afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ̀gbẹ́ kan gòkè ju ìkejì lọ, túùbù yọjú níbẹ̀ bí ìdodo ọmọ tuntun, ó sì bẹ́ gbàù! Àwọn adìyẹ fò gba orí ìkòkò lọ.

“Ẹ sọ fún un,” ni ìyá mi wí. “Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́.”

“Kí n sọ kí ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa fojú rere wo kẹ̀kẹ́ yìí. Kí n wá ní kó gbé e padà?”

“Kí ẹ sì lo ti àtijọ́ ńkọ́?”

“Ó ti là, Ìyá Sìdí. Kò lè gbé mi yí pápá ká. Bó tiẹ̀ lè gbé mi, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá wo táyà tó rà.”

“Ẹ jẹ́ kí èmi sọ fún un nígbà náà.”

“Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn.”

Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tiwa, ọkọ rẹ̀ ni àbúrò ọkọ jẹ́, ó sì ti fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ó fa ìgbátí aṣọ funfun ya, gbọọrọ gbọọrọ, ó ń nà án sí i, Bọ̀dá Mùfú ń wé e mọ́ inú rímù, ìpele lórí ìpele, kí irin lè ga tó ẹnu táyà. Wọ́n lẹ túùbù tó bẹ́, wọ́n fi omi ọṣẹ pa táyà kó lè jókòó dáadáa. Wọ́n á fọn afẹ́fẹ́ díẹ̀, wọ́n á yí i, wọ́n á wo ibi tó ti wọ́, ìyá mi á fi àtàǹpàkò dúdú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á tún fọn díẹ̀ sí i. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ó fẹ́ bọ́. Tí kò bá tó, táyà ń yí lọ́tọ̀, irin ń yí lọ́tọ̀. Ìgbà tí wọ́n rí ibi tó dúró sí, oòrùn ti kanrí. Síbẹ̀, bó bá ń yí lórí ilẹ̀, ó máa ń dún gbì, tó bá tún yí po, gbì, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Bọ̀dá Mùfú ní pápá tẹ́jú, koríko rọ̀, òun ò ní í gùn ún ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan, ó máa gbé òun délé.

Ní Sátidé, ó gbé e kọ́ èjìká lọ sí pápá, kò gùn ún lọ́nà. Bàbá mi wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà tuntun, ó sì wá àyè fún Ìyá Àgbà níwájú. Nígbà tí Bọ̀dá Mùfú fò sókè, tó na apá, tó gbéra, gbogbo pápá hó. Ó yí i po, ó fẹ̀yìn rìn, ó tún yí i po. Ọkùnrin Èkó yẹn dìde dúró. Mo wo ojú bàbá mi: ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí pé, “Àbúrò mi nìyẹn, àbúrò mi ni.” Mo fẹ́ràn láti dá ìrántí mi dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ gbóhùngbóhùn ní kí Bọ̀dá Mùfú máa gùn ún bọ̀ wá kí àwọn àlejò níbi tí wọ́n jókòó sí, ibẹ̀ sì wà lórí gegele. Báwo ni yóò ṣe kọ̀? Ó gun gegele náà, ó tẹríba fún wọn lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n hó. Ìgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ni. Oòrùn ti mú afẹ́fẹ́ inú táyà gbóná, gegele sì da gbogbo ara Bọ̀dá Mùfú lé ẹ̀gbẹ́ táyà kan. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Táyà fò kúrò lẹ́sẹ̀ irin, irin wọlẹ̀, Bọ̀dá Mùfú sì fi ìbàdí kan òkúta.

Bàbá mi ló gbé e. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun dì í mú. Eegun ìbàdí ló ṣẹ́. Ó pẹ́ ní ọsibítù, ó tún pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, nígbà tó sì dìde, ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ. Ọkùnrin Èkó wá kí i lẹ́ẹ̀kan, ó mú èso wá, kò padà mọ́. Nígbà tí wọ́n bi Bọ̀dá Mùfú léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òkúta lòun gùn. Ìyá mi ti tú gbogbo aṣọ yẹn kúrò lára rímù. Bàbá mi gba ọ̀rọ̀ òkúta náà gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù títí di òní ni pé ó tún sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Bí ìbínú àti àánú bá pàdé nínú rẹ̀, á ní, “Mo sọ fún un. Mo sọ fún un pé eré yẹn ò dára.” Ó ń sọ ọ́ fún àlejò, ó ń sọ ọ́ fún àwa ọmọ, ó ń sọ ọ́ lójú Bọ̀dá Mùfú fúnra rẹ̀, ìyẹn á sì tẹrí ba. Ìyá mi á dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ tí ì bá parí láàárọ̀ ọjọ́ kan ti di àlejò tí kò lọ nínú ilé wa.

Bọ̀dá Mùfú kó lọ sí Adigbe nígbà tó yá. Ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó ń jókòó tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ ibòji, ọ̀pá rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ń lọ kí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n á jẹun, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọjà àti ti Ìyá Àgbà, bàbá mi á padà sílé.

Mo ti di ọ̀dọ́bìnrin nígbà tí àbúrò mi, Ràṣídì, wọ ilé-ìwé gíga, tí bàbá mi ní òun máa fún un ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan láti máa fi lọ. Táyà ló kù. Ó lọ Lafẹ́nwá. Ìgbà tó dé, kò bọ́ aṣọ, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà. Ìyá mi wà nídìí ìkòkò.

“Ìyá Sìdí, mo ní kí wọ́n fún mi ní 28. Ọmọ tó ń tà á bi mí pé, 28 wo, pé oríṣi méjì ló wà.”

Ìyá mi ò gbé ọwọ́ kúrò nínú aró, kò sì wojú rẹ̀. Bàbá mi wọ yàrá lọ. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹ láàárọ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní kí n bá òun lọ sí Adigbe. Ohun roboto kan tí wọ́n fi bébà wé wà lábẹ́ apá rẹ̀. Bọ̀dá Mùfú kí wa tayọ̀tayọ̀, ó ń wá àga fún wa. Bàbá mi ò jókòó, ó na ohun náà sí i. Bọ̀dá Mùfú tú u, ó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó kà á. Ó gbé e lé orúnkún.

“Ta ló sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n?”

“Ẹni tó ń tà á ni. Mùfú, kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ó ti pẹ́.”

“Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ pé mo sọ fún ọ, mo sọ fún ọ, o jókòó, ò ń gbọ́. Kí ló dé?”

Bọ̀dá Mùfú fi ọwọ́ pa táyà náà.

“Ẹ ní ẹ ó wá wò mí,” ló wí. “Mi ò fẹ́ sọ ohun tó máa mú kí ẹ má wá mọ́.”

Bàbá mi ṣí fìlà, ó fi bo ojú. Mi ò rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ náà, mo bá yíjú sí títì.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bọ̀dá Mùfú ní kí ìyàwó òun bá òun gbé kẹ̀kẹ́ yẹn jáde lẹ́yìn ilé. Ó ti dípẹtà. Wọ́n dojú ìjókòó rẹ̀ dé ilẹ̀, bàbá mi kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ funfun Jímọ̀, ó fi àyà dì í mú, Bọ̀dá Mùfú ń fi irin ti táyà. Táyà náà bá wọn jà. Àwọn méjèèjì làágùn kí gbogbo rẹ̀ tó wọlé. Bọ̀dá Mùfú fọn afẹ́fẹ́ sí i, ó yí i, ó sì ń yí lọ geerege, kò wọ́, kò dún. A wò ó títí ó fi dúró fúnra rẹ̀.

“Báyìí ló yẹ kó rí?”

“Báyìí ni, ẹ̀gbọ́n.”

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bọ̀dá Mùfú na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. Bàbá mi ní kó jókòó, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Kò gbọ́. Ó sìn wá jáde, ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Bàbá mi, ẹni tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni lọ́nà, tí ìyá mi máa ń sá tẹ̀lé lẹ́yìn bí wọ́n bá jọ ń rìn, ń gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrú, ó ń rọra gbé e, kó lè bá ti àbúrò rẹ̀ dọ́gba títí wọ́n fi dé títì.